Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Ń Pè É

Ọjọ́ tí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Adédoyin, ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Omifunfun kún inú ọkọ̀ akẹ́rù kan wá sí Odigbo, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, wọ́n gbé epo pupa wá, wọ́n sì ti Fẹ́mi, ọkọ ìyàwó, síwájú pẹ̀lú fìlà tuntun tó fẹ́ bò ó lójú. Àwọn ìyàwó ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn jù, pé bó bá ń sùn ní yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wà ní pálọ̀. Fẹ́mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde, kò sí ohun tó burú. Ìgbà tó yá ni Bàbá Olúbùsọ́lá, ẹni tó dàgbà jù ní agboolé, fa ara síwájú lórí àga.

"Ọmọ, ta ni bàbá tó bí bàbá rẹ?"

"Adégbóyè ni, bàbá."

"Adégbóyè wo? Èyí tó ga, tó kúrò ní Odigbo yìí lọ dá oko kòkó?"

"Àwọn náà ni, bàbá."

Bàbá Olúbùsọ́lá rọra gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Háà! Ẹ dúró ná. Ẹ̀gbọ́n mi ni Adégbóyè! Inú agboolé yìí ló ti jáde lọ. Àbúrò bàbá àgbà Adédoyin ni. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lẹ fẹ́ so pọ̀ yìí!"

Ilé dàrú. Àwọn ará Omifunfun ń wo ara wọn lójú. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé Odigbo ni bàbá àgbà ti wá, wọn ò mọ agboolé tó ti wá, bàbá Fẹ́mi tí ì bá sì mọ̀ ti kú tipẹ́. Ìyá Fẹ́mi bú sẹ́kún. Adédoyin alára kò sunkún. Ó kàn jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Ohun tó wá dùn ún jù ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, nítorí ọ̀wọ̀, Bọ̀dá Fẹ́mi ló ń pè é.

Bàbá Olúbùsọ́lá kì í ṣe ìkà. Ojú rẹ̀ gan-an pọ́n. Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, ẹ padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ohun tó lè fi hàn pé mo ṣì í, kó mú un wá, inú mi á dùn ju ti yín lọ. Bí kò bá sí, kí a gbé ẹrù yín fún yín, kí a sì máa ṣe ẹbí."

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìtàn agboolé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Adédoyin. Ìyá Àgbà sì ti sùn oorun ikú. Ṣùgbọ́n kó tó sùn, Báyọ̀, ẹ̀gbọ́n Adédoyin, ti gbé rẹ́kọ́dà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó pọ̀, ó ti gba gbogbo ìtàn tó sọ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà dání lọ sí Kánádà. Níbẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ńpútà, ó ṣe ìkànnì tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tẹ ìtàn Ìyá Àgbà sórí rẹ̀, bí ó ṣe ti ẹnu ìyá jáde gẹ́lẹ́, kò yọ nínú rẹ̀, kò fi kún un. Ó kọ̀wé sílé pé gbogbo ayé lè kà á. Àwọn ará ilé ní ó ṣeun, Ọlọ́run yóò bù kún un. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó tíì rí i sójú.

Wọ́n tẹ Báyọ̀ láago. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé ló gbé e, ó ní Báyọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ kan nínú aginjù, kò ní í dé títí oṣù yóò fi parí. Ó wá ku ìkànnì náà nìkan.

Nígbà náà, ọdún tí àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ebi ò tíì gbọ́, bẹntiró náà ò sì tíì gbọ́. Ìlà ọkọ̀ nílé epo ní Ọrẹ a máa gùn títí dé ibi tí àwọn èrò ọkọ̀ Ìlà-Oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ ra ọ̀pẹ̀-òyìnbó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tàófíìk ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn gáréèjì, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn onímọ́tò, tó sì ní kọ̀ńpútà kan tí wáyà tẹlifóònù so mọ́. Ó ní tí iná bá wà, tí tẹlifóònù bá sì gbà, kò síbi tí kọ̀ńpútà òun ò lè dé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Fẹ́mi fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé Adédoyin lọ sí Ọrẹ. Àyè tí Adédoyin fi sáàárín wọn lórí ìjókòó, odidi ọmọdé kan lè gba ibẹ̀.

"Sún mọ́ iwájú, o ó ṣubú," ni Fẹ́mi wí.

"Mo dúró dáadáa, Bọ̀dá..." Ó gé ọ̀rọ̀ náà jẹ.

"Jọ̀ọ́, wá nǹkan mìíràn pè mí," ni Fẹ́mi wí, ó sì tẹ iná mọ́ ọ̀kadà.

Iná ìjọba kò sí ní ṣọ́ọ̀bù Tàófíìk, bó ṣe máa ń rí. Ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Kọ̀ńpútà jí, tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro bí ọ̀pọ̀lọ́ inú òjò. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró. Nígbà tó pẹ́, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ńpútà: gèlè kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú méjèèjì.

"Yéè! Ìyá Àgbà!" Adédoyin ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀.

"Dìde, àbúrò mi, wọn ò rí ọ," ni Tàófíìk wí, ẹ̀rín ń pa á. "Wò ó, ẹ̀gbọ́n ẹ gbìyànjú o. Ìtàn tó wà níbí pọ̀ bí iyanrìn. Tí a bá ní ká máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, epo mi á tán ká tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ó fi àpótí ìwádìí sí i. Ibí yìí. Tẹ ohun tí ò ń wá sínú rẹ̀, yóò bá ọ wá a."

Adédoyin jókòó. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì: *Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kú iṣẹ́ o, mo fẹ́ mọ̀ bóyá Bàbá Adégbóyè àti bàbá wa àgbà jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà.*

Tàófíìk fi ọwọ́ bo ẹnu. "O kí i?"

"Ṣé kí n máà kí i ni?"

"Àpótí ni, kì í ṣe àlejò! Kò mọ ìbéèrè, kò mọ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tóo bá kó fún un ló máa gbé lọ, á máa wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìtàn kankan. Bóo bá kó ẹrù tó pọ̀ lé e lórí, gbogbo ẹ̀ ló máa fẹ́ bá pọ̀ lójú kan. Ṣé Ìyá Àgbà sọ 'ẹ kú iṣẹ́ o mo fẹ́ mọ̀ bóyá' nínú ìtàn rẹ̀ ni?"

Lóòótọ́, àpótí náà ní òun ò rí nǹkan kan.

"Din ọ̀rọ̀ kù," ni Fẹ́mi wí. "Tẹ Odigbo."

Wọ́n tẹ Odigbo. Gbogbo ìtàn Ìyá Àgbà ló tú jáde, ìkan ò gbẹ́yìn.

"Ẹ̀yin náà, ìyẹn dà bí kéèyàn wọ ọjà Ọrẹ kó ní òun ń wá obìnrin tó ró ìró," ni Tàófíìk wí. "Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìtàn yẹn, tí kò sí nínú ìyókù, lẹ máa wá. Orúkọ èèyàn ló dáa jù. Ẹ tẹ orúkọ bàbá náà."

Adédoyin tẹ Adégbóyè. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó di ojú rẹ̀.

Nígbà tó la ojú, kò sí nǹkan kan.

"Tún un tẹ̀," ni Fẹ́mi wí.

Ó tún un tẹ̀. Kò sí. Ó tẹ Gbóyè. Kò sí. Gbogbo ìtàn tí Ìyá Àgbà sọ láyé rẹ̀, kò dárúkọ Adégbóyè níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Adédoyin gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ojú kọ̀ńpútà sì ṣókùnkùn.

"Epo tán," ni Tàófíìk wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Àbúrò, má bínú. Ìlà tó wà nílé epo lónìí, ọ̀la la ó máa tò ó."

Fẹ́mi dìde. Ó bọ́ síta, wọ́n gbọ́ tó ń fa nǹkan, wọ́n gbọ́ tó ń tutọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa yọjú, ó ti fi rọ́bà fa gbogbo bẹntiró inú ọ̀kadà rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ètè rẹ̀ ń tàn, ojú rẹ̀ ń ṣomi.

"Fẹ́mi! Báwo la ṣe máa délé?" ni Adédoyin kígbe.

"Mo ní ẹsẹ̀ tó gùn," ni Fẹ́mi wí. "Ẹ bu epo yìí sí i, bọ̀dá, kí ó máa lọ."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà. Ìyàwó Tàófíìk, Karimat, jókòó ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń bó ọ̀pẹ̀-òyìnbó fún títà, ó ń ṣàánú wọn. Ní àsìkò náà ni ọkọ̀ kan já wọ gáréèjì, àbúrò Tàófíìk tó ń wakọ̀ Èkó sì nà jáde láti inú rẹ̀. Karimat fò dìde, ó kúnlẹ̀ kan.

"Ọkọ mi! Olówó-Èkó! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò mú búrẹ́dì wá?"

"Màdáámù, ebi ọ̀nà ló ń pa mí, ẹ̀ ń béèrè búrẹ́dì," ni ọkùnrin náà dáhùn, ó sì kọjá lọ bọ́jú.

Fẹ́mi wò ó. "Olówó-Èkó ni orúkọ rẹ̀?"

"Rárá o," ni Tàófíìk dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Sàlíhù ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, Sàlíhù ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí."

"Kó ti ibo jáde?" ni Karimat wí, ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n bú. "Àbúrò ọkọ mi! Mo bá a nílé kẹ̀, ọkọ mi ni. Ṣé ilé tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti wá ni?"

Adédoyin dìde dúró lójijì débi pé àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó ilé ni Ìyá Àgbà!"

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ìyàwó ilé ni wọ́n! Mo ń wá a bí ẹni pé ọmọ ilé ló ń sọ ìtàn. Bàbá Olúbùsọ́lá lè pe Adégbóyè ní Adégbóyè, ọmọ ilé ni wọ́n. Ìyá Àgbà ò jẹ́ pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ, kódà bí ilé ń jó! Bọ̀dá Báyọ̀ sì rèé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló tẹ̀ ẹ́."

Karimat pàtẹ́wọ́. "Ọmọ dáadáa! Kí wá ni wọ́n ń pè é?"

Ìyẹn ni Adédoyin ò mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ti gbà, kọ̀ńpútà ti jí, ọ̀pọ̀lọ́ inú tẹlifóònù ti ń han lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ Akọ̀wé, nítorí kò sí agboolé tí ìyàwó kan kì í pe ẹnì kan ní Akọ̀wé. Ìtàn mélòó kan jáde. Wọ́n ṣí àkọ́kọ́. Akọ̀wé inú rẹ̀ kò mọ ìwé kankan. Ìtàn bó ṣe jí ẹran jẹ nínú ìkòkò Ìyá Àgbà ni, tó ní ológbò ni, tí Ìyá Àgbà sì ní ológbò wo ló ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orí mọ́ àtẹ́rígbà ṣọ́ọ̀bù.

"Rọra o," ni Karimat wí. "Ilé wa ò ga tó ẹ."

Adédoyin ń wo Fẹ́mi tó ń fi ọwọ́ ra iwájú orí. Ó ti rí èyí rí. Kì í ṣe Fẹ́mi ló ṣe é. Òun alára kéré, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, wọ́n ń ṣa kòkó. Bàbá arúgbó kan ń bọ̀ láti ọ̀nà oko pẹ̀lú ìrèké léjìká, ó ga, ó ga, ó ní láti tẹ̀ kó tó lè wọlé, Ìyá Àgbà sì ń pariwo láti ibi tó jókòó sí kí ó máà tún fi orí gbá igi. Ó fún Adédoyin ní ìrèké. Adédoyin ò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn, kò sì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Ohun tí Ìyá Àgbà pè é nìkan ló mọ̀.

Ó jókòó, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, kò wá lẹ́tà mọ́: *Agùntáṣọọ́lò.*

Ìtàn kan ṣoṣo ló jáde.

Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tàófíìk bẹ̀rẹ̀. Karimat gbé ọ̀bẹ tòun ti ọ̀pẹ̀-òyìnbó wọlé wá bẹ̀rẹ̀. Adédoyin kà á sókè fún gbogbo wọn:

*"Ọkọ mi Agùntáṣọọ́lò, ṣé ẹ mọ̀ pé orí ọkọ̀ agégẹdú la ti gbé e sọ̀ kalẹ̀? Ibà ló ń ṣe é. Dírẹ́bà gbé e sí ìdí ọsàn wa, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ títí ayé. Mi ò tíì pẹ́ nílé ọkọ nígbà náà. Èmi ni mo ń po ẹ̀kọ fún un. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ọkọ mi ní, ìwọ ọmọkùnrin yìí, àbúrò mi ni ọ́ láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi ọ́ níbi tóo ti wá. Bí mo ṣe wá orúkọ fún un nìyẹn, nítorí ó ti di ọkọ mi. Ọdún yípo kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Láti Ìdànrè ló ti wá a wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín agboolé, ó ní, ọmọ mi kan ṣoṣo rèé! Ó gbé ẹtù wá fún wa, láàyè. Ẹtù náà fò sórí òrùlé, ọmọkùnrin kékeré kan nílé wa sì gun òrùlé náà láti mú un..."*

Ojú kọ̀ńpútà ṣókùnkùn. Epo ọ̀kadà náà ti tán.

Karimat pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò gáréèjì fi sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, Tàófíìk sì ń lu ẹ̀yìn Fẹ́mi bí ẹni ń gbọn ẹní.

Wọ́n ti ọ̀kadà náà kúrò ní Ọrẹ. Wọn ò tíì tì í jìnnà tí ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ kan fi dúró fún wọn, wọ́n gbé ọ̀kadà sókè, àwọn náà sì gun orí ẹ̀gẹ́ lọ. Tàófíìk kò ní tàdáwà tó lè tẹ ìtàn náà sórí ìwé, nítorí náà Adédoyin ń kà á lórí títí dé Odigbo, Fẹ́mi sì ń bá a tún un ṣe níbi tó bá ti gbàgbé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àyè ọmọdé kankan láàárín wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, agboolé kún. Adédoyin, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bi í ní ohun tó jẹ lánàá, ilẹ̀ ló máa ń wò kó tó dáhùn, dìde láàárín gbogbo wọn. Ó wá rántí bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò fi ọwọ́ kan nu itan bí ẹni ń gbọn èérí dànù. Ó nu itan. "Ọkọ mi Agùntáṣọọ́lò," ló wí, àwọn ìyàwó àgbà sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohùn tí wọ́n gbọ́, wọ́n rò pé ó ti bá olóhùn lọ.

Bàbá Olúbùsọ́lá gbọ́ ti ọkọ̀ agégẹdú, kò mira. Ó gbọ́ ti ibà, ó ń wo òkè. Nígbà tí Adédoyin dé orí ẹtù tó fò lọ sórí òrùlé, bàbá dìde fúnra rẹ̀.

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Ìyá Àgbà ni, bàbá. Wọ́n ní ọmọkùnrin kékeré kan ló gun òrùlé. Ibẹ̀ ni iná ti kú, mi ò mọ èyí tó kù."

"Èyí tó kù nìyí!" Bàbá Olúbùsọ́lá ká ṣòkòtò sókè. Àpá kan gbọọrọ wà ní ojúgun rẹ̀. "Èmi lọmọ náà! Òrùlé já, mo bá a já sínú ilé ìdáná! Ẹtù burúkú! Mo rántí obìnrin yẹn. Mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí obìnrin àjèjì ń pe ẹ̀gbọ́n mi Adégbóyè ní ọmọ òun. Ìgbátí ni mo jẹ. Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò béèrè mọ́, títí mo fi gbàgbé pé ìbéèrè kan wà."

Ẹ̀rín gba ilé. Ìyá Fẹ́mi ti tún ń sunkún, ṣùgbọ́n ti òní yàtọ̀. Bàbá Olúbùsọ́lá gbé ọwọ́ sókè títí gbogbo wọn fi dákẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ò pa wọ́n pọ̀. Kí wọ́n fẹ́ ara wọn, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o." Ó wo yíká. "Ẹ̀gbọ́n mi ni Adégbóyè. Ẹni tó bá sọ lójú mi pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti olúwarẹ̀ á jọ gun òrùlé."

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Adédoyin tún kọjá ní ṣọ́ọ̀bù Tàófíìk, ó ní kó bá òun fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Báyọ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ṣókí báyìí, kò kí kọ̀ńpútà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́ wá gbogbo orúkọ tí Ìyá Àgbà fi pe èèyàn, kí ó kọ orúkọ tí bàbá àti ìyá wọn sọ wọ́n sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá wọn láti ọ̀nà méjèèjì lè bá wọn nílé. Ó ní kí ó kọ ìtàn ìgbéyàwó náà síbẹ̀ pẹ̀lú.

"Ti ọkọ rẹ ńkọ́?" ni Tàófíìk bi í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. "O ò pè é ní bọ̀dá mọ́. Orúkọ wo ni kí n ní kó kọ?"

Adédoyin wo ìta, níbi tí Fẹ́mi ti ń bá Karimat ná ọ̀pẹ̀-òyìnbó.

"Ẹ ní kó kọ Fẹ́mi," ló wí. "Èyí tí mo ń pè é nílé, ẹni tó bá fẹ́ fi wá a, kó wá bi mí."